Ẹni Tó Jókòó Lé Etí Ìró Ìyá Àgbà

Ọ̀gá mi ní yunifásítì kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ńṣe ló máa ń bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á fi etí aṣọ nù ún, á tún dá a padà sójú, á wá wò ọ́ bí ẹni tó ń retí pé ẹlòmíràn ni òun yóò bá lórí àga yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti bọ́ gíláàsì náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Ohun tí mo fi ọdún méjì kọ́ kò ju ìbéèrè kan lọ: nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara wa, ta ló ń pàṣẹ iṣẹ́? Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ló ní ìwé kan náà lọ́wọ́, ìyẹn àwọn jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ti ojú ni, ti ẹ̀dọ̀ ni, ti èékánná ni, ìwé kan náà ni. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kì í ka ojú ìwé èékánná. Ẹnìkan ló ń ṣí ìwé fún un. Àwọn ohun wínníwínní kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn nìyẹn: wọ́n á wọ yàrá àárín, níbi tí ìwé náà wà, wọ́n á gbọ́wọ́ lé jíìnì tó yẹ, jíìnì yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èyí tó kàn mí nínú wọn ní orúkọ tó dà bíi nọ́ńbà mọ́tò, nítorí náà n ó máa pè é ní Alákòóso. Ẹ̀yìn òde yàrá ni Alákòóso máa ń wà, adánidúró kan á dì í mú pinpin. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, wọ́n á mú adánidúró kúrò, Alákòóso á sáré wọlé, á máa gbọ́wọ́ lé jíìnì lọ́tùn-ún lósì, ara á gbóná, ibi tí kòkòrò gbà wọlé á wú. Èyí ni mo ṣàlàyé fún ọ̀gá mi. Mò ń fi ọwọ́ ṣe é, mò ń fi ojú ṣe é. Inú ara mi dùn sí mi gan-an.

Ó ní, "Kí ló ń dá a dúró?"

Mo ka ìdáhùn náà bó ṣe wà nínú ìwé, ní Faransé tó dán bíi bàtà ọdún: lára àwọn jíìnì tí Alákòóso ń jí, ọ̀kan wà tó ń ṣe adánidúró tuntun, adánidúró tuntun á wọlé, á dì í mú, á sì mú un jáde.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o lè kà á. Ìgbà wo ló ń jí jíìnì adánidúró yẹn? Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ni?"

"Rárá, Màdáámù. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń jí."

"Kí ló dé? Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó tún ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò dá a dúró?"

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Bóyá àṣìṣe ni, Màdáámù."

Gíláàsì kúrò lójú. Lọ́tẹ̀ yìí kò nù ún. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Àṣìṣe. Láti ìgbà tí ènìyàn ti ń ṣàìsàn, tó sì ń gbádùn, àṣìṣe ni." Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àṣekágbá wò yóò bi mí ní ìbéèrè yìí, bí mo bá sì fún wọn ní èsì tí mo fún òun, òun ni ojú yóò tì jù. Ó ní mo lè lọ sílé. Bí ìrìnàjò mímọ́ ti ìlú wa bá parí, kí n padà wá pẹ̀lú èsì tí ojú lè rí, tí ìyá ẹnikẹ́ni lè lóye. Bí kò bá sí èsì, òun yóò yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tí yóò gbèjà ìwé wọn lọ́dún yẹn.

Kì í ṣe ọdún tó máa lọ lásán ló dẹ́rù bà mí. Àwọn ará ilé mi ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnìkan kì í dá gbèjà ìwé. Sutinansì ni à ń pè é, gbogbo agbo ilé ló máa ń kó wá pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ ohun tí kò yé wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì bọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yó. A ti sún tèmi síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí mi ti sọ fún gbogbo ọjà Dásà, ìlú wa, lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n bá òun yọ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ńṣe ni n ó kó kúrò nílùú.

Ilé wa wà nísàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àrìgbó. Nínú oṣù kẹjọ, bí àwọn Kátólíìkì bá ń ti ibi gbogbo bọ̀ wá gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà Wúńdíá tó wà níbẹ̀, kò sí ilé tí kì í gba àlejò lọ́nà yẹn. Àwọn kan ń sùn sí yàrá, àwọn kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan sábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Ìyá bàbá mi ló ni ilé ìdáná. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ni ín. Obìnrin mẹ́fà ló ń dáná nínú agbo ilé wa, kálukú pẹ̀lú ààrò tirẹ̀ àti ìkòkò tirẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sè, nítorí abẹ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ. Àmọ́ lọ́sẹ̀ ìrìnàjò mímọ́, kò sẹ́ni tó ń dá iná tirẹ̀. Ìyá Àgbà á mú ìgbakọ rẹ̀, á máa rìn láàárín ààrò, á fi lu ìdérí ìkòkò, kó-kó. Ìkòkò tó bá lù, òun ni wọ́n máa gbé ka iná. Èyí tí kò bá lù, á wà ní títutù, kódà kí ebi máa pa ẹni tó ni ín. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Ìyàwó kan tí a fẹ́ láti Soclogbo dá iná ìrẹsì láìdúró de ìgbakọ lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Kò kàn sẹ́ni tó jẹ ìrẹsì náà ni.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n parí. Bó bá ti wọ ibi iná, ó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Lọ́dún kan, ó lu ìkòkò títí wọ́n fi se iṣu èbù tí bàbá mi kékeré tọ́jú láti gbìn. Bàbá náà jẹ nínú rẹ̀ o, ó ń sunkún, ó ń jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì díspánsà, ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa, wá wọn tánṣíọ̀n Ìyá Àgbà, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru sí, ó wo ẹ̀rọ náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún wò ó, ó wá ní kí ìyá yìí jìnnà sí ooru iná. Àwọn ọmọ ṣèpàdé. Wọ́n ní a kò lè gba ìgbakọ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ wa, àmọ́ kò ní wọ ilé ìdáná àfi bí èrò bá dé gan-an. Wọ́n wá fi àǹtí mi, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ṣọ́ ọ.

Àǹtí mi kì í ṣe ènìyàn kékeré. Kò nílò kọ́kọ́rọ́, kò nílò okùn. Ńṣe ló máa ń gbé àga tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Ìyá Àgbà lábẹ́ máńgòrò, á fa etí ìró ìyá rẹ̀ sábẹ́ ìdí ara rẹ̀, á sì jókòó lé e. Bí Ìyá Àgbà bá dìde, yóò dìde láìní aṣọ. Nítorí náà kì í dìde. Àwọn méjèèjì á wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tó kú ṣáájú láàárín àwọn òkú ìlú.

Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn nígbà tí mo dé. N kò tíì gbé àpò kalẹ̀ tí bàbá mi kékeré ti ká ṣòkòtò sókè, ó ní kí n bá òun wo orúnkún. Mo ní, "Bàbá, èmi kì í ṣe dókítà orúnkún. Sẹ́ẹ̀lì ni mò ń kọ́."

Ó ní, "Ṣé orúnkún tèmi kò ní sẹ́ẹ̀lì ni?"

Mo wo orúnkún. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ìyá Àgbà bi mí pé kí ló ń dá sutinansì mi dúró, òun ti ń darúgbó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀. Mo ní ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí ọ̀tá bá dé, ọ̀gágun á wọ àgọ́, á pàṣẹ, àwọn ọmọ ogun á jáde. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ta ló ń se oúnjẹ fún wọn?"

"Ìyá, kò sí oúnjẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí."

"Gbogbo ogun tí o kó sínú ara mi yìí, kò sẹ́nìkan tó ń dáná?" Ó yíjú sí àǹtí mi. "Ẹ ò rí i pé ọmọ yìí kò mọ ohun tó ń kọ́."

Inú bí mi. Ẹnu ọ̀gá mi tún tẹ̀lé mi dé Dásà! Mo mú káyè ìkọ̀wé mi, mo gun òkè ẹ̀yìn ilé wa, mo jókòó sórí àpáta láti ronú. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Èmi gun òkè. Mo rí páànù ilé gbogbo Dásà, mo rí ewúrẹ́ méjì tó ń jà, mo rí Ìyá Àgbà àti àǹtí mi lábẹ́ máńgòrò níbi tí wọ́n jókòó sí. N kò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, ènìyàn méjìlá ni à ń retí. Láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ọlọ́kadà kan, àwọn tí à ń pè ní zémi, já wọlé pẹ̀lú eruku, ó ní, "Bọ́ọ̀sì méjì! Bọ́ọ̀sì méjì ń bọ̀ níbí, wọ́n ti dé oríta!"

Àǹtí mi dìde. Òun kan náà ló ń bójú tó ẹní tí àlejò ń sùn lé, ẹní tó sì wà nílé kò tó bọ́ọ̀sì kan, ká má tíì sọ ti méjì. Ó sáré gba ọ̀nà ọjà lọ, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ìyá mùsùlùmí tó ń ta ẹní. Àga rẹ̀ ṣófo. Etí ìró wà lórí rẹ̀, kò sẹ́nìkan tó dì í mú.

Ìyá Àgbà wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó ká etí ìró rẹ̀, ó fi í sí ìbàdí, ó dìde bí ọmọ ọdún méjìdínlógún. N kò mọ ibi tó fi ìgbakọ pa mọ́ sí, àmọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ìgbakọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkòkò àkọ́kọ́ tó lù, n kò ní gbàgbé láéláé. Kì í ṣe ìrẹsì. Kì í ṣe iṣu. Páànù kékeré kan ni, ní igun, èyí tí wọ́n fi ń dín wàgásì, wàrà líle tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá. Kó-kó. Mo ní, "Ìyá, ẹni mélòó ni wàgásì yìí máa tó nínú bọ́ọ̀sì méjì?" Ó wò mí bí a ṣe ń wo ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó ará Soclogbo ti gbé epo kaná. Ìyá Àgbà bá tirẹ̀ lọ. Ìrẹsì, kó-kó. Iṣu, kó-kó. Ọbẹ̀ ẹ̀pà, kó-kó. Ó tọ́ka odó sí mi. Mo gbé ọmọ odó.

Ìwé kọ́ wa pé àmì mẹ́rin la fi ń mọ ibi tí ara ti ń jà: á pọ́n, á gbóná, á wú, á dun ni. Mo lè jẹ́rìí. Láàárín wákàtí méjì, ojú gbogbo wa ti pọ́n nítorí èéfín. Ooru ilé ìdáná yẹn lè sọ àgbàdo di gúgúrú. Agbo ilé wú: agbada lórí ibùsùn, abọ́ lórí fèrèsé, igbá ìyẹ̀fun lórí rédíò. Apá mi wá ń dùn mí láti èjìká dé ìka, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àlejò kankan.

Zémi àná padà wá. Àná kọ́, ti àárọ̀ yẹn ni, àmọ́ ó ti dà bí àná lójú mi. Ó ń yọ́ rìn. Ó ní ká má bínú, géètì búlúù ni wọ́n sọ fún òun, òun kò mọ̀ pé ilé ẹlẹ́géètì búlúù mìíràn wà lọ́nà Kpingni. Ọ̀dọ̀ wọn làwọn bọ́ọ̀sì náà sọ̀ sí. Ọ̀dà kan náà ni bàbá mi kékeré àti bàbá onílé yẹn jọ pín, nítorí náà n kò mọ ẹni tí n ó bá jà.

Mo sáré wọ ilé ìdáná. Mo ní, "Ẹ pa iná o, wọn ò bọ̀ mọ́!"

Ìyàwó ará Soclogbo kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo lù ú?"

Mo lọ bá Ìyá Àgbà. "Ìyá, wọn ò wá mọ́."

Ó ní, "Wọ́n á wá." Ó lu ìkòkò ẹ̀wà. Òógùn ti mú ìborí rẹ̀ rin. Mo rí bí ó ṣe fi ọwọ́ kejì ti ògiri, tó sì ń wá ìkòkò mìíràn tí yóò lù. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo rántí ojú nọ́ọ̀sì nígbà tó ń gbọn ẹ̀rọ. Mo fẹ́ gba ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀ jálẹ̀. A kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni a wà tí afẹ́fẹ́ òkè fẹ́, tó gbé òórùn wàgásì díndín gba ọ̀nà ọjà lọ. Mo rí àǹtí mi lókèèrè. Ẹní méje ló wà lórí rẹ̀, imú rẹ̀ ló sì ṣáájú. Kò sí ohun tí obìnrin yẹn fẹ́ràn láyé tó wàgásì, ọkọ rẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ẹní kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìkí mi, ó dé ìdí páànù kékeré yẹn, ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ méjì, ó jẹ mẹ́ta lóòró. Ìkẹrin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi yíjú, tó rí ìyá rẹ̀, tó sì di etí ìró rẹ̀ mú. "Ìyá. Ó tó."

Ìyá Àgbà tẹ̀lé e. Kò jiyàn rárá. Wọ́n padà sábẹ́ máńgòrò, etí ìró padà sábẹ́ ìdí. Kò sí ìkòkò tuntun tí wọ́n lù mọ́. Èyí tó ti jinná, wọ́n sọ̀ ọ́. Iná ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú wa ń funfun padà.

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kígbe pé, "Ó kọ́kọ́ pè é! Kó tó lu ohunkóhun, ó kọ́kọ́ pè é!" Ìyàwó ará Soclogbo sáré gbé igbá omi, ó dà á lé mi lórí, nítorí ó rò pé oòrùn ló mú mi.

Oúnjẹ náà, orí la fi rù ú lọ sí ilé ẹlẹ́géètì búlúù kejì. Àwọn àlejò inú bọ́ọ̀sì kò tíì rí nǹkan jẹ láti òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n rí ènìyàn mẹ́sàn-án tí wọn kò mọ̀ rí tí wọ́n ń gbé iyán, ìrẹsì àti ẹ̀wà bọ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní Màríà ló rán wa. Bàbá mi kékeré ní, "Àmín." Ó tún fi orúnkún rẹ̀ han àlùfáà tó wà pẹ̀lú wọn.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí máńgòrò títí dé orí wàgásì: Ìyá Àgbà ni Alákòóso, ìkòkò ni jíìnì, àǹtí mi ni adánidúró. Ọdún méjì tí mo fi mọ̀ ọ́n, n kò rí eyín rẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i. Ó ní kí n ya ilé ìdáná náà sínú ìwé mi, kí n sì gbé àwòrán rẹ̀ sójú ògiri lọ́jọ́ náà. Ó wá tún bi mí: "Kí ló dé tó fi kọ́kọ́ lu ti ọmọ rẹ̀?"

Mo ní, "Ìfẹ́ ni, Màdáámù."

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ó sàn ju àṣìṣe lọ." Ó fi orúkọ mi sílẹ̀.

Bí àwọn ará ilé mi ṣe kó wọ yunifásítì lọ́jọ́ sutinansì, n kò lè sọ ọ́ tán. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló kó wọn wá. Gilasíyẹ̀ mẹ́fà, àwọn kúlà onídérí funfun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tutù, ni wọ́n tò sẹ́yìn yàrá. Ìyá Àgbà jókòó níwájú gan-an, àǹtí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí ìró níbi tó máa ń wà. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Faransé. Nígbà tí àwòrán ilé ìdáná jáde sójú ògiri, gbogbo wọn dá a mọ̀. Mo gbọ́ ohùn àǹtí mi ketekete: "Ṣé bí mo ṣe sanra tó nìyẹn?" Ààrẹ ìgbìmọ̀ fọwọ́ lu tábìlì.

Ohun gbogbo ń lọ déédéé títí ó fi kan bàbá kan nínú ìgbìmọ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, tó gbọ́ èdè wa. Ó ní òun ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó la ẹnu. Kí ló dé tí Alákòóso fi ń pe adánidúró rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí kò dúró di ìgbẹ̀yìn? Bí ó sì ti rí i pé Ìyá Àgbà ń na ọrùn, ó tún ìbéèrè náà sọ ní èdè wa, kí àgbà má bàa jókòó lásán.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Ìfẹ́ ni, ọ̀gá. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ó dára nípa ti ìyá. Ṣé sẹ́ẹ̀lì náà mọ ìfẹ́?"

Mo wo àwòrán tí mo fi ọwọ́ ara mi yà. Mo wo ọ̀gá mi. Gíláàsì ti kúrò lójú rẹ̀. Ọdún méjì, ìsúnsíwájú méjì, gilasíyẹ̀ mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ ló so mọ́ ìbéèrè yìí.

"Kì í ṣe ìfẹ́."

Ìyá Àgbà ni. Ó fẹ́ dìde, ìró dì í mú, ó padà jókòó, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mo fẹ́ràn ọmọ mi o, ẹ má gbọ́ mi sódì. Àmọ́ kì í ṣe tìtorí ìyẹn ni mo ṣe ń lu páànù wàgásì. Mo mọ ara mi. Bí mo bá ti wọ ibi iná, tí ooru rẹ̀ bá ti gbà mí lórí, n kì í rántí ìjáde mọ́. Bí mo bá ní kó di ìgbẹ̀yìn kí n tó pe ẹni tí yóò mú mi jáde, ìgbẹ̀yìn náà kò ní dé láé. Nítorí náà, nígbà tí orí mi ṣì pé, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ti ránṣẹ́ pè é. Ọ̀nà ọjà jìn. Kí òórùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òun náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, oúnjẹ á ti jinná."

Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ọmọ yìí dúró tì mí lọ́jọ́ náà, kò bi mí nídìí rẹ̀. Iye ẹni tí wàgásì máa tó ló ń bi mí."

Bàbá ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yí i sí Faransé fún àwọn yòókù, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, kò fo ọ̀kankan. Ààrẹ ìgbìmọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo gbà pẹ̀lú ohun tí ìyá sọ. Mo ní mo gbà. Àmọ́ ohun mìíràn ló wà lọ́kàn mi. Gbogbo wa nínú agbo ilé, àti èmi tí mo kàwé jù nínú wọn, la rò pé àwa la fi àǹtí mi ṣọ́ Ìyá Àgbà. Òun ló ti ń fi wàgásì ṣọ́ ara rẹ̀ látọjọ́ yìí. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe.

Wọ́n ní ká jáde, wọ́n ní ká wọlé, wọ́n ní mo yege. Àǹtí mi fò dìde, ó dì mọ́ mi títí èémí mi fi fẹ́ẹ̀ pin, ó tún sá lọ dì mọ́ ọ̀gá mi, tí kò retí rẹ̀ rárá. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà. Kò wò mí. Ó ń wo ẹ̀yìn yàrá, níbi tí gilasíyẹ̀ mẹ́fà tò sí pẹ̀lú ìdérí wọn, mo sì rí ọ̀pá ìgbakọ tó yọ orí jáde nínú báàgì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ kejì fa etí ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga tí àǹtí mi fi sílẹ̀, ó sì fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́.

Ó ní, "Jókòó lé e kíákíá."

Mo jókòó.